Fláàṣì ní kí n fọ́máàtì òun, ohùn Bàbá tó ti jáde láyé ló wà nínú rẹ̀

Fídíò_Ìjẹ̀búÒde · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn láti àná.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹbí kan ní Ìmọ̀sàn ní kí n wá gba ohùn bàbá wọn sílẹ̀. Ẹni ọdún 89 ni Bàbá. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀: bí ìran wọn ṣe tẹ̀dó, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó, ibi tí ààlà oko dé, oríkì orílẹ̀ wọn láti òkè délẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ojúlówó Ìjẹ̀bú, èyí tí àwa ọmọ ìsinsìnyí kì í gbọ́ tán mọ́. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Bàbá fi sùn tí wọn ò jí mọ́.

Mo ti kó fídíò náà láti inú káàdì kámẹ́rà sínú fláàṣì 32GB. Mo wá pa káàdì rẹ́, torí mo ní ìgbéyàwó kan tí mo fẹ́ yà lọ́jọ́ Sátidé. Inú fláàṣì yẹn nìkan ló wà.

Lánàá, ẹbí péjọ láti wò ó lórí tẹlifíṣàn. Ó ń lọ dáadáa, ni NEPA bá mú iná lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa tan jẹnẹrétọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé ti fa fláàṣì yọ, ó sì ti tún un kì bọ̀ ọ́. Tẹlifíṣàn ní òun ò rí nǹkan kan. Mo gbé e wálé, mo kì í bọ láptọ́ọ̀pù, ohun tó kọ sójú rèé: *You need to format the disk in drive E: before you can use it.* Mo tẹ Cancel. Mo gbìyànjú láti ṣí i, ó tún kọ ọ́ pé: *The volume does not contain a recognized file system.*

Mi ò tíì sọ fún ẹbí. Mo ní mo fẹ́ lọ ṣe é kó dára sí i. Kí ni kí n ṣe?

ỌmọÌjẹ̀búIgbó · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ́máàtì, ẹ mú Quick Format. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé Recuva lé e, gbogbo fáìlì á padà wá. Èmi náà ṣe é rí, àwọn fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà wa ni, gbogbo rẹ̀ ló jáde.

ÌyáKọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:38 alẹ́

Rárá o! Fídíò_Ìjẹ̀búÒde, má tẹ Format. Yọ fláàṣì yẹn kúrò lára láptọ́ọ̀pù nísinsìnyí, kó o tó ka èyí tó kù.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà níbí ní Ìkẹ́nnẹ́, mo sì ti rí i lójú mi bí ènìyàn ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tí ì bá rí gbà jẹ́. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí Windows ń sọ, torí ọ̀rọ̀ yẹn le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ alájọ wò ó. Alájọ tó ń gbàjọ lọ́jà Òkè-Ajé ní ìwé kan lọ́wọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló sọ bó ṣe ń kọ ìwé náà: iye ìlà tó wà lójú ewé, ibi tí orúkọ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí iye owó ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá pa ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tí ò mọ ìwé náà tẹ́lẹ̀ á ṣí i, á ní òun ò rí nǹkan kan kà. Ṣé owó àwọn ènìyàn ti wá sọnù nìyẹn? Owó wà níbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fláàṣì. Fláàṣì 32GB sábà máa ń jẹ́ FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú fláàṣì. Sẹ́kítọ̀ ni à ń pe àwọn ègé àyè kéékèèké inú rẹ̀; sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ojú ewé àkọ́kọ́ tí mo wí yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tábìlì FAT wà, òun ló ń sọ pé fáìlì yìí bẹ̀rẹ̀ níbí, ó tẹ̀ síwájú lọ́hùn-ún. Méjì ni tábìlì náà, èkejì jẹ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ àwọn fáìlì, àti ara fídíò fúnra rẹ̀. Bí Windows ò bá rí sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ kà, kò ní wo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Kíá ni yóò ní kó o jẹ́ kí òun ṣí ìwé tuntun. Ìwé tuntun, orí ìwé àtijọ́ ló máa kọ ọ́ lé!

ỌmọÌjẹ̀búIgbó · Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Ìyá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé Quick Format kì í pa ara fáìlì rẹ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́.

ÌyáKọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:04 alẹ́

Òótọ́ lo sọ, kì í pa ara fáìlì rẹ́. Àmọ́ wo ohun tó ń pa rẹ́: tábìlì méjèèjì ló máa sọ di òfìfo, àti ibi tí orúkọ wà. Fọ́tò kéré, ó sábà máa ń wà lójú kan, ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi jáde. Fídíò tó súnmọ́ 4GB lè wà ní ègé-ègé káàkiri inú fláàṣì. Tábìlì nìkan ló mọ ègé tó tẹ̀lé èkejì. Bí tábìlì bá lọ, a ó rí àwọn ègé náà, a ò ní mọ bí wọ́n ṣe tò.

Ohun kejì: bí ọwọ́ bá ṣèèṣì yọ àmì tó wà níwájú Quick Format, láti ìgbà Windows Vista ni ìfọ́máàtì kíkún ti ń kọ òdo sí gbogbo ara dírááfù. Bó bá parí, kò sí ẹni tó lè rí i gbà mọ́.

ỌmọÌjẹ̀búIgbó · Ọjọ́ Ajé, 10:11 alẹ́

Mo gbọ́, ẹ ṣé Ìyá. Mi ò mọ ti tábìlì yẹn tẹ́lẹ̀. Fídíò_Ìjẹ̀búÒde, ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ lókè, ẹ má tẹ̀lé e.

BàbáTíṣà_Òdogbolú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ọmọ mi tó ń ṣe fídíò, ẹ̀rọ ò yé mi bí ó ti yé àwọn yòókù, nítorí náà mi ò ní dá sí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kó o lọ bá ẹbí yẹn lónìí, kó o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Má dúró títí yóò fi yanjú. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọn ò ní gbà pé o ò fi pamọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn ti fi fóònù gba díẹ̀ níbẹ̀. Béèrè.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Ṣágámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà, mo sì fara mọ́ ti Ìyá. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣágámù. Kí n tó lè sọ nǹkan kan, mo nílò ìdáhùn sí ìbéèrè kan.

Ki fláàṣì náà bọ láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan péré. Tẹ Windows àti R pọ̀, kọ *diskmgmt.msc*, tẹ Enter. Bó bá béèrè bóyá kí òun *Initialize*, sọ pé rárá. Wá ìlà fláàṣì náà nísàlẹ̀, kó o sọ ohun tó kọ síbẹ̀ fún mi. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni yóò jẹ́. Bó bá kọ *No Media*, tí kò sọ GB kankan, kọ́ńtírólà inú fláàṣì, ẹ̀yà tó ń darí rẹ̀, ló ti kú, kò sí software tó lè ràn wá lọ́wọ́; ẹni tó máa ṣí i, tí yóò ka chip fúnra rẹ̀, la máa wá, owó ńlá sì ni. Bó bá kọ *Unallocated*, ìpín inú rẹ̀ ni kò rí. Bó bá kọ *RAW*, tí iye GB rẹ̀ sì pé, ó rí ìpín náà, ètò fáìlì inú rẹ̀ ni kò mọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́.

Fídíò_Ìjẹ̀búÒde · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:16 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. RAW ló kọ. Ó ní 28.9 GB, *Healthy (Primary Partition)*.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ mi síbí, mo ti gbé e lọ fún ẹnìkan tó ń tẹ̀wé, ó sì ti kọ *chkdsk E: /f* sí i. Ó dáhùn pé *The type of the file system is RAW. CHKDSK is not available for RAW drives.* Ṣé ó ti bà á jẹ́?

Bàbá Tíṣà, mo lọ sí Ìmọ̀sàn láàárọ̀ yìí. Àkọ́bí Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n lọ sa gbogbo ipá mi. Kò sẹ́ni tó fi fóònù gbà á. Ẹ ṣé, Bàbá. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Ṣágámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Kò bà á jẹ́. Ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó kọ̀. Jẹ́ kí gbogbo wa mọ èyí: chkdsk pẹ̀lú /f ń tún ètò fáìlì ṣe kí dírááfù lè ṣeé lò. Ti fáìlì rẹ kọ́ ló ń rò. Ohun tí kò bá yé e, ó máa gé e kúrò, ó máa sọ ọ́ ní FILE0000.CHK, á wá ní òun ti ṣe tán. Mi ò kí ń fọwọ́ kan án títí n ó fi ní ẹ̀dà lọ́wọ́.

Ẹ̀dà ni ọ̀rọ̀ wa báyìí. Kì í ṣe ẹ̀dà fáìlì, torí a ò rí fáìlì kankan. Ẹ̀dà odidi fláàṣì, láti sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, èyí tó dára àti èyí tí ò dára, nínú fáìlì ńlá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ẹ̀dà la ó ti máa ṣe gbogbo ìdánwò. Bí a bá ṣì í ṣe, a ó tún ẹ̀dà mìíràn mú. Fláàṣì gan-an á wà nínú àpò rẹ.

Ṣé láptọ́ọ̀pù rẹ ní àyè tó tó 35GB? Gba Win32 Disk Imager. Mú orúkọ fáìlì lórí láptọ́ọ̀pù rẹ, bíi baba.img, mú lẹ́tà E, kó o tẹ Read. Mo tún un sọ: Read, má tẹ Write. Write yóò da fáìlì sórí fláàṣì, ìyẹn ni yóò parí ohun gbogbo. Jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù wà lórí iná tó dúró, má ṣe é lórí bátìrì tó ti fẹ́ kú.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Ohun kan náà ni fláàṣì tèmi ń sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fà á yọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo Ubuntu dípò Windows ló bá mi kó iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi sí i. Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ó ń ṣí, lórí tèmi Windows ní kí n fọ́máàtì. Ọ̀la ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

ÌyáKọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, kò sí ohun tó ṣe fláàṣì rẹ. Ext4 ni ọ̀rẹ́ rẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí, Windows ò gbọ́ èdè yẹn. Padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, kó kó iṣẹ́ náà sínú fláàṣì mìíràn tó jẹ́ FAT32 tàbí exFAT, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí í-meèlì rẹ. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n bá fọ́máàtì lórí Mac sí APFS. Àìgbọ́ èdè ara ẹni lásán ni. Kú iṣẹ́ ìwé o.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 alẹ́

Ó ti yanjú, mà. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ yín.

Fídíò_Ìjẹ̀búÒde · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:58 alẹ́

Ọ̀gá Ṣágámù, ó ń lọ, ó dé 41%, ó dúró. Ó kọ *Error 23: Data error (cyclic redundancy check)*. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ibì kan náà ló dúró sí. Fláàṣì gbóná lọ́wọ́ mi.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Ṣágámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:10 alẹ́

Yọ ọ́. Má ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó túmọ̀ sí pé ètò fáìlì nìkan kọ́ ló ní àìsàn, ara fláàṣì náà ní ibi tí kò ṣeé kà mọ́. Win32 Disk Imager ò mọ bí a ti ń fo ibi tó bàjẹ́. Ó kan ògiri, ó jókòó síbẹ̀. Ddrescue la nílò, ti GNU, ọ̀fẹ́ ni, orí Linux, irú èyí tí Ubuntu jẹ́, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun máa kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó rọrùn láti kà, á fo ibi tó le, á kọ ibi tó fò sínú ìwé máàpù kan. Lẹ́yìn náà ló máa padà wá bẹ ibi tó le wò díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, máàpù yẹn á sọ ibi tó dé fún un, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Fún àwa tí NEPA ń ṣe báyìí, kò sí ohun tó dára tó ìyẹn.

O lè fi fláàṣì mìíràn ṣe Ubuntu, kó o gbé láptọ́ọ̀pù dìde láti orí rẹ̀, a ó sì máa sọ bó o ṣe máa ṣe é fún ọ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé o lè ṣì í, kó o fi ara fláàṣì ṣe ibi tó yẹ kó kó nǹkan lọ. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù ò jìnnà. Máa bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, a jọ máa jókòó tì í. Mi ò gbowó.

Oníṣọ́ọ̀bù_Ìpẹ̀rù · Ọjọ́rú, 12:30 ọ̀sán

Mo ń bá yín ka ọ̀rọ̀ yìí látàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo ra fláàṣì kan tí wọ́n kọ 1TB sí lára, owó rẹ̀ ò tó ti 64GB tí mo máa ń rà. Kọ̀ǹpútà náà ní 1TB ni. Mo kó orin àti fíìmù sí i, àwọn ti àkọ́kọ́ ń ṣí, èyí tí mo kó sí i lẹ́yìn ò ṣí. Lónìí ó ti di RAW. Ṣé fáìrọ́ọ̀sì ni?

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Ṣágámù · Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ayédèrú ni, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyìí. Wọ́n mú fláàṣì kékeré, ó lè máà ju 32GB lọ, wọ́n kọ irọ́ sínú kọ́ńtírólà rẹ̀ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 1TB. Bí ẹ bá ti kọjá àyè tó ní lóòótọ́, á máa da ohun tuntun sórí ti àtijọ́, tàbí kó sọ ọ́ nù láìsọ fún yín. Ọjọ́ tó bá kọ sórí tábìlì fúnra rẹ̀ ni yóò di RAW.

Ẹ kó ohun tó ṣì ń ṣí kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba H2testw sórí Windows, tàbí F3 bí ẹ bá ní Linux. Ó máa kọ nǹkan kún un fọ́fọ́, á tún kà á padà, á sì sọ iye GB tó jẹ́ òótọ́. Fláàṣì tuntun èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí i kí ẹ tó gbé nǹkan olówó iyebíye sí i. Ẹ dá èyí padà fún ẹni tó tà á fún yín bí ó bá ṣeé ṣe.

ÌyáKọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ayédèrú fláàṣì yìí ń dùn mí dé egungun. Mo ti rí ìyá kan tó kó gbogbo fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó ti kú sórí irú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dán an wò.

AtúnKọ̀ǹpútàṢe_Ṣágámù · Ọjọ́bọ̀, 9:47 alẹ́

Ẹ̀yin ará, a ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún ẹni tí irú rẹ̀ bá tún dé bá.

Fídíò_Ìjẹ̀búÒde dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Mo gbé kọ̀ǹpútà Linux mi dìde, mo kọ́kọ́ kọ *lsblk* láti mọ orúkọ tí fláàṣì ń jẹ́. Ìgbésẹ̀ yẹn ò ṣeé fò: sdb lórí kọ̀ǹpútà tèmi lè jẹ́ dírááfù ńlá lórí tìrẹ. Lẹ́yìn náà:

*sudo ddrescue -d -n /dev/sdb baba.img baba.map*

Ó ṣe dáadáa dé ibi 41% yẹn, ó fò ó, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan. A tan jẹnẹrétọ̀, mo tún àṣẹ kan náà kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Nígbà tó parí, mo sọ fún un kó padà sí ibi tó le lẹ́ẹ̀mẹ́ta:

*sudo ddrescue -d -r3 /dev/sdb baba.img baba.map*

Mo máa ń yọ fláàṣì láàárín kó lè tutù. Ní ìparí, bíi 20MB péré ni kò ṣeé kà nínú gbogbo 28.9GB. Gbogbo rẹ̀ tò sí ojú kan. Mo wá da baba.img kọ sí baba2.img, mo sì fi fláàṣì lé e lọ́wọ́.

Orí baba2.img la ti gbé TestDisk, software tó ń tún ètò fáìlì tó bàjẹ́ ṣe, ṣí. A mú *Intel*, a mú *Advanced*, a mú *Boot*. Ohun tó wà lójú rèé:

*Boot sector: Bad*
*Backup boot sector: OK*

Fídíò_Ìjẹ̀búÒde di ọwọ́ mi mú. Ẹ rántí ojú ewé àkọ́kọ́ tí Ìyá sọ? FAT32 máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí sẹ́kítọ̀ kẹfà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpín. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé irú ọjọ́ báyìí ń bọ̀. A mú *Backup BS*, a ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀dà yẹn sì gba ipò èyí tó bàjẹ́. A tẹ *List*. Fáìlì márùn-ún, pẹ̀lú orúkọ wọn àti déètì wọn, tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú wọn súnmọ́ 4GB, torí FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó 4GB, kámẹ́rà ló máa ń gé e.

A tẹ *a* láti mú gbogbo wọn, a tẹ *C* ńlá láti kó wọn jáde.

Bí ẹ̀dà sẹ́kítọ̀ yẹn bá ti bàjẹ́ náà ni, PhotoRec ni ǹ bá lò. Òun ò wo tábìlì rárá, ara fáìlì ló ń wò, ó mọ bí JPEG tàbí MP4 ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í mú orúkọ padà wá, fídíò tó bá sì wà ní ègé-ègé máa ń dà á láàmú. Ìdí tí mi ò fi kọ́kọ́ lò ó nìyẹn.

ỌmọÌjẹ̀búIgbó · Ọjọ́bọ̀, 9:55 alẹ́

Ọlọ́run ṣeun! Omijé bọ́ lójú mi níbi tí mo ti ń kà á. Bí wọ́n bá ti tẹ̀lé ohun tí mo sọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé ńkọ́?

BàbáTíṣà_Òdogbolú · Ọjọ́ Ẹtì, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá Ṣágámù. Ẹ kú àánú. Ṣé gbogbo fídíò náà ló ṣí?

Fídíò_Ìjẹ̀búÒde · Ọjọ́ Ẹtì, 8:30 àárọ̀

Bàbá, gbogbo rẹ̀ ló ṣí. Ẹyọ kan ló ní àbùkù. Nínú fáìlì kẹta, àwòrán dì, ohùn sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni 20MB tí ò ṣeé kà yẹn bọ́ sí. Ó dùn mí, torí àárín oríkì ni, ibi tí Bàbá ti ń ka orúkọ àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ inú agbo ilé náà.

Mo ní ìbéèrè kan sí i. Irú fọ́máàtì wo ni kí n máa lò báyìí? Kí ló sì bà á jẹ́ gan-an, ṣé tẹlifíṣàn ni?

ÌyáKọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 9:10 àárọ̀

Bí iná bá lọ tàbí tí wọ́n bá fa fláàṣì yọ nígbà tí nǹkan kan ń kọ̀wé sí i lọ́wọ́, ìdajì ló máa kọ, sẹ́kítọ̀ yẹn á wá di ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn tẹlifíṣàn kan wà tó lè gba ètò sílẹ̀ sórí fláàṣì, wọ́n ń kọ nǹkan sí i nìyẹn, àwọn mìíràn sì máa ń béèrè pé kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀dà ni kó o máa gbé fún oníbàárà láti wò, kó má ṣe jẹ́ ojúlówó. Ibi 20MB yẹn ní tirẹ̀, ara fláàṣì ló ti gbó. Má lo fláàṣì yẹn mọ́ fún ohunkóhun.

Ní ti fọ́máàtì: bí o bá fẹ́ kó ṣí lórí tẹlifíṣàn àtijọ́ àti rédíò ọkọ̀, FAT32. Bí fáìlì rẹ bá ju 4GB lọ, exFAT. Microsoft gbé e jáde lọ́dún 2006, Windows àti Mac ń kà á, Linux náà ti ń kà á fúnra rẹ̀ láti kernel 5.4 ti ọdún 2019. Mi ò lè gbà ọ́ nímọ̀ràn NTFS, torí Mac máa ń kà á ni, kì í kọ nǹkan sí i.

Kò sí fọ́máàtì tó lè gba ipò ẹ̀dà kejì. Káàdì kámẹ́rà, má pa á rẹ́ títí ohun tó wà nínú rẹ̀ á fi wà níbi méjì tó yàtọ̀ síra, kó o sì ti ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Bó o bá nílò káàdì fún òde Sátidé, ra òmíràn.

Fídíò_Ìjẹ̀búÒde · Ọjọ́ Àìkú, 8:44 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹni mi. Ìmọ̀sàn ni mo ti ń bọ̀.

Mo ti ra hard disk méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, àkọ́bí Bàbá ní ìkejì. Ọmọ wọn tó wà ní Ṣágámù náà ti da tirẹ̀ kọ sórí láptọ́ọ̀pù. Orí fláàṣì tuntun la ti wò ó lónìí, H2testw ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀dà lásán ló sì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó dé ibi tó dì yẹn, mo fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. Àbúrò Bàbá obìnrin, màmá kan tí mo rò pé wọ́n ń tòògbé, bá la ohùn, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ìyàwó ilé náà lọ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, pẹ̀lú ohùn kan náà tí Bàbá fi ń kà á. Wọ́n parí gẹ́lẹ́ nígbà tí àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo ilé pariwo.

A ní kí Màmá tún un kà, mo sì fi kámẹ́rà gbà á. Fáìlì kẹfà nìyẹn báyìí, inú fóldà kan náà ló wà pẹ̀lú ti Bàbá, lórí hard disk méjèèjì. Mi ò tíì pa káàdì rẹ́.